Ìka Jósẹ́fù Mímọ́

Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì sí Àjíǹde

Lónìí la fi aṣọ elésè àlùkò bo àwọn ère ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà, bí àwa Kàtólíìkì ṣe máa ń ṣe títí di Àjíǹde. Èmi náà ni mo gun àkàbà. Bí mo ṣe ń fa aṣọ bo Jósẹ́fù Mímọ́, ìka rẹ̀ kan kán sí mi lọ́wọ́. Mo yára fi í sápò.

Nígbà tí mo fi ìka náà han ìyàwó mi nílé, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ sọ fún Fada kí wọ́n tó ṣí aṣọ yẹn o."

Ṣé gọ́ọ̀mù á lè mú un? Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n gun àkàbà mọ́. Wọ́n ti ń sọ pé mo ti dàgbà jù.

Mo pe Fada ṣáá. Kí n tó lanu, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Kò sí ọ̀dọ́ tó lè bo àwọn ère yẹn tó yín."

Mo ní, "A dúpẹ́, Fada," mo sì pa fóònù.