Tábìlì Tí Mo Gé Nítorí Ọwọ́ Màmá

Ọjọ́ Àìkú, 1 Fẹ́búárì

"Brianne! Ta ló gé ẹsẹ̀ tábìlì bàbá mi? Ṣé orí ẹ pé báyìí? Sọ̀ kalẹ̀ wá síbí kí n tó wá bá ẹ lókè yẹn!"

Bí Màmá ṣe pariwo ẹ̀ gan-an nìyẹn, mi ò fi nǹkan kan kún un. Mo ti tilẹ̀kùn mọ́rí.

Èmi ni mo gé e. Ta ni ì bá tún jẹ́? Àwa méjì péré la wà nílé yìí. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ayùn. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo gé kúrò lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wá kúrú ju ìyókù lọ. Tábìlì ń mì.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ wọn ni. Àwọn dókítà á sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, Màmá á fi sétí, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà — pakapaka, pakapaka — títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti Kérésì ni ìka wọn ti ń kú. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Bí ọwọ́ yẹn bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Kò sẹ́lòmíì tó ń bọ́ wa.

Ọjọ́ Ajé, 2 Fẹ́búárì

Màmá kàn gbé ẹja àti ọ̀dùnkún síwájú mi, wọ́n kẹ̀yìn sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Fẹ́búárì

Adájọ́ wá mu tíì. Àǹkù Cyril ni, ẹ̀gbọ́n Màmá. Kò sí ohun tí wọn kì í dá ẹjọ́ lé lórí, ìdí tí mo fi sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wo tábìlì títí.

"Noreen, jẹ́lé-ó-sinmi lo fẹ́ ṣí ni?"

"Bùrọ̀dá, ẹ mu tíì yín."

Mo lọ mú bébà tí nọ́ọ̀sì fún Màmá nítorí ọwọ́ wọn. Orí ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìkòkò tíì lé látọjọ́ yìí. Ìwé ò wọ̀ mí lórí, ṣùgbọ́n àwòrán yé mi. Obìnrin kan jókòó, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ tọ́ bí rúlà. Nínú àwòrán kejì ó ti dìde, ó ń gbọn ọwọ́.

Mo ní tábìlì ga jù, pé wọ́n ń gbé èjìká sókè bí ẹyẹ tí òtútù ń pa. Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí tíì fi gba imú wọn jáde. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ò lè gbé àga sókè ni?"

"Ẹsẹ̀ yín ò ní kanlẹ̀ mọ́, Màmá."

"Ó ń bú ẹ, Noreen! O kúrú!"

Ọjọ́rú, 4 Fẹ́búárì

Màmá ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Fẹ́búárì

Ojú kọ̀ǹpútà ti wá wálẹ̀ jù, ọrùn ń dùn wọ́n. Ẹ̀bi mi náà ni. Mo kó ìwé sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ Bíbélì níbẹ̀ kíákíá. Mo fi ìwé ìṣirò mi dípò ẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò.

Ọjọ́bọ̀, 12 Fẹ́búárì

Màmá dá ṣí ìdérí ìgò ẹ̀fọ́ bíìtì! Láti Kérésì, èmi ni mò ń bá wọn ṣí i. Wọn ò mọ̀ pé mo rí wọn. Mo fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo lé mi lórí.

Ọjọ́ Ajé, 16 Fẹ́búárì

Mo kórìíra gbogbo nǹkan.

Ọwọ́ fúyẹ́ díẹ̀, Màmá bá lọ gba iṣẹ́ dókítà mìíràn mọ́ ọn, ẹnì kan nílùú Gander. Wọn kì í dìde mọ́. Tíì á tutù síwájú wọn. Mo fi àwòrán kejì hàn wọ́n.

"Brianne, ìgbà wo lo di dókítà? Ọwọ́ ti dáa, jẹ́ n ráyè ṣiṣẹ́."

Torí kí ara lè tù wọ́n ni mo ṣe gé tábìlì. Àṣé mo kàn bá wọn wá àyè tí wọ́n á fi máa pa ara wọn ni.

Ọjọ́rú, 18 Fẹ́búárì

Èèrà ti padà sọ́wọ́ Màmá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń gbọn ọwọ́, kí n má bàa rí wọn.

Ọjọ́bọ̀, 19 Fẹ́búárì

Òjò dídì pọ̀, wọn ò ṣí ilé ìwé. Ló bá di pé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, ohùn àwọn dókítà dákẹ́ létí Màmá. Màmá bú àwọn ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyá wọn, bàbá wọn. Wọ́n wá dìde. Wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n gbé kẹ́tùlù kaná, wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń na ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń sọ fún mi bí bàbá wọn ṣe kan tábìlì yẹn, pé bàbá náà ò mọ igi gé dọ́gba. A rẹ́rìn-ín.

Àwòrán kejì ni mò ń wò láàyè.

Íńtánẹ́ẹ̀tì padà dé. Pakapaka.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Fẹ́búárì

Mo fi ọgbọ́n bi Màmá. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ohun tí wọ́n ti tẹ̀ kì í sọnù. Inú kọ̀ǹpútà ló ń wà.

Yàrá mi ni àpótí kékeré tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì wà, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Láti òní lọ, bí mo bá ti wà nílé, tí pakapaka yẹn bá ti pẹ́ jù, mo máa yọ wáyà ẹ̀. Bí wọ́n bá ti mu tíì tán, mo máa dá a padà. Wọ́n á bú ilé iṣẹ́ yẹn. Kí wọ́n bú wọn. Adájọ́ á dá wọn lẹ́bi. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé.

Mo ti yọ ọ́ báyìí. Màmá ń bú wọn.

Kẹ́tùlù ti ń hó.