Má Yá Wọn Ní Orúkọ Mọ́ládé

Kàdúná, 1979

Ìyá Mọ́ládé,

Ṣé òjò ti ń rọ̀ ní Tẹ̀dé? Ibí ṣì gbẹ, ṣùgbọ́n ara mi le. Àwọn tí a jọ ń sùn ní yàrá kan ṣe dáadáa sí mi, bí a kò tilẹ̀ gbọ́ èdè ara wa.

O ránṣẹ́ pé Bàbá Festus, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fẹ́ yá sátífíkéètì ìwé mẹ́fà Mọ́ládé fún ọmọ wọn tó ń wáṣẹ́. Má fún wọn. Má bá wọn jiyàn, àgbà ni wọ́n. Kúnlẹ̀, kí o ní ọwọ́ mi ló wà.

Báyìí ni wọ́n ṣe yá tèmi fún Festus nígbà tí mo wà lóko. Wọ́n ní orúkọ kì í ṣe iṣu tí à ń jẹ tán. Nígbà tí mo wá iṣẹ́ ìjọba dé Ìbàdàn, àwọn akọ̀wé ibẹ̀ ní Isaac Oyèlékè ti ń gbowó oṣù lọ́dọ̀ àwọn.

Kò burú náà. Mo ti ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ìwé ẹlòmíràn ni mo fi wọlé, nítorí náà, bí o bá ń kọ lẹ́tà, Ọdẹ́bọ̀dé ni kí o kọ sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n máa ń pe orúkọ náà títí kí n tó rántí dáhùn.

Bá mi kí Mọ́ládé. Bá mi kí ìyá mi. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, ní kí wọ́n pe Àlàmú sókè, kí wọ́n kì mí díẹ̀, bí ẹni pé mo fẹ́ jáde lọ sóko.

Èmi ọkọ rẹ,
Isaac Oyèlékè