Orúkọ Eyín Irin

Ògbómọ̀ṣọ́, Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́.

Kọ́ọ̀gì, eyín tí àgbá kẹ̀kẹ́ irin kan fi ń yí èkejì, nìkan ló kù nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àlùfáà òyìnbó ní kí n túmọ̀. Ọ̀la ni yóò gbà á. Mo ti kọ "eyín" tẹ́lẹ̀, ó pa á rẹ́. Ó ní ti ẹnu nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo bi Baba Àlàbí alágbẹ̀dẹ, tó rọ kọ́ọ̀gì tuntun sí ọlọ irin míṣọ́ọ̀nì, léèrè orúkọ rẹ̀.

"A kì í sọ ọmọ lórúkọ kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Jẹ́ kó lọ àgbàdo ná."

Òní ló pé. Mo bá a tó ń rọ òmíràn. Ti àkọ́kọ́ ti kán lánàá.

"Èyí ńkọ́, bàbá?"

"Málọmọ́." Kò rẹ́rìn-ín.

Mo ti fi yíǹkì kọ ọ́ síwájú kọ́ọ̀gì. Àlùfáà kò ní pa èyí rẹ́. Kò mọ ohun tó jẹ́.