Alhaji Làsísì Àjàgbé (1922–1995), Ládàánì Tó Ni Idà Tí A Kì í Fà Yọ

Ọdún 1922 ni wọ́n bí Alhaji Làsísì Àjàgbé ní agboolé Àjàgbé, Ìjẹrù, Ògbómọ̀ṣọ́. Súlè Àjàgbé, ahunṣọ òfì, ni bàbá wọn. Sìlífátù, ọmọ aláró, ni ìyá wọn. Ilé kéú ni wọ́n lọ, wọ́n sì ka Kùránì parí níbẹ̀.

Wọ́n wọ iṣẹ́ ológun ní 1942, ṣùgbọ́n wọn kò dé ojú ogun. Ìbàdàn ni wọ́n wà, tí wọ́n ń tọ́jú bàtà, àgọ́ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú sítọ́ọ̀ lábẹ́ òyìnbó àgbàlagbà kan, Méjọ̀ Hallam. Nígbà tí wọ́n padà sílé ní 1946, idà ọ̀gá ológun kan wà nínú ẹrù wọn.

Wọ́n gbé Ràbíátù níyàwó ní 1949. Ní 1964, wọ́n di sítókípà ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Òrégún, Agége sì ni wọ́n fi ṣe ilé. Àwọn tí wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ sọ pé Bàbá kì í bínú, àfi bí ẹnìkan bá gbé ẹrù jáde láì fọwọ́ síwèé. SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ló lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1987, nígbà tí agbára ilé iṣẹ́ náà kò ká owó òwú mọ́.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n di ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Nígbà tí ọ̀pá tí Lẹ́mọ́mù máa ń fara tì bí wọ́n bá ń ka kútúbà ọjọ́ Jímọ̀ ṣẹ́ ní 1988, Bàbá gbé idà wọn sílẹ̀ pé kí wọ́n máa lò ó. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá bẹ̀ wọ́n: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà á yọ nínú àkọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí.

Ní 1992, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan wá kírun lọ́dọ̀ wa, ó rí idà náà, ó sì fà á yọ. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, alágbẹ̀dẹ ti fín “R. T. Hallam, 1914” sí i dáadáa. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, orúkọ àwọn èèyàn ilẹ̀ wa ni ẹnìkan fi ìṣó ha wọ́gọwọ̀gọ: Bẹ́lò, Àlàó, Audu, Òjó àti àwọn mìíràn. Ọ̀gá náà ní orúkọ àwọn tí idà olè náà ti gba ọwọ́ wọn kọjá nìyẹn, àti pé ewú orí Bàbá nìkan ni kò jẹ́ kí òun tì wọ́n mọ́lé.

Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n dáhùn pé, “Ẹni tó ni ín ló fún mi. Èyí tó kù kì í ṣe tèmi láti sọ.” Ni ìgbìmọ̀ bá dá idà padà fún Bàbá, wọ́n sì fi ẹlòmíràn ṣe ládàánì. Àwọn kan ń pè wọ́n ní Alhaji Gbàpamọ́. Sáàfù, ìlà ìrun, tó kẹ́yìn ni Bàbá ti ń kírun títí ọlọ́jọ́ fi dé, wọn kò sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, títí kan Ìyá wa.

Àwa ọmọ àti ọmọọmọ kò lè kọ ìtàn yìí fún àdúà ogójì ọjọ́ láì mọ òótọ́. A tẹ́ idà náà sórí tábìlì, a sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gba idà náà, kí ló dé tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkan ló ha gbogbo orúkọ náà? Kí ló dé tí ìpẹtà inú wọn rí bákan náà, bí ẹni pé ọjọ́ kan ni wọ́n hà wọ́n? Kí ló sì dé tí orúkọ Bàbá kò sí níbẹ̀?

Ìyẹn ló gbé wa lọ sí Ìlúpéjú, sọ́dọ̀ Bàbá Daniel Adésànyà, àgbà ìjọ Aládùúrà, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ Ìbàdàn. Bí wọ́n ti rí idà náà ni wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin ni Hallam nígbà tó kó àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa lọ sí ogun Kamẹrúùnù ní 1914. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fa idà yìí yọ, ó fi pàṣẹ kí wọ́n gun òkè kan. Òun padà wá. Àwọn tí orúkọ wọn wà lára idà kò padà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ha wọ́n síbẹ̀.

Nígbà tí Hallam ń lọ sílé ní 1946, ó gbé idà fún Bàbá pẹ̀lú ẹkún. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fà á yọ mọ́ láti fi rán èèyàn lọ síkú, ó sì ní kí wọ́n ṣèlérí pé wọn kò ní sọ ìtàn orúkọ náà fún ẹnikẹ́ni, tàbí pé àwọn rí i tó ń sunkún.

“Bàbá yín ṣèlérí,” Bàbá Adésànyà ló wí bẹ́ẹ̀. “Èmi ò ṣèlérí kankan, mo kàn dúró síbẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́.”

A ròyìn fún Lẹ́mọ́mù. Wọ́n béèrè ohun tí a kọ níwájú orúkọ Bàbá. A ní “ládàánì tẹ́lẹ̀”.

“Ẹ pa ‘tẹ́lẹ̀’ rẹ́,” ni wọ́n wí. “Àwa la yára jù.”

Bàbá fi Ìyá wa, Alhaja Ràbíátù, sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Teslim, Uswat, Yẹ́misí àti Abdulhakeem, àti ọmọọmọ mọ́kànlá.

Kí Ọlọ́run Ọba tẹ́ Bàbá wa sí àyè ìrọ̀rùn. Ẹ sùn ire, Ládàánì. Ìrun àsùbáà ọ̀la, ẹlòmíràn yóò bá yín pè é.