Ibi Tí Ẹ̀pà Ti Ń Dún Nínú Fíìmù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ṣé ara Bàbá le? Ẹ bá mi kí ìyàwó Bùọ̀dá Àkànní àti gbogbo ará ilé wa. Òjò ò jẹ́ ká sinmi níhìn-ín. Ilé tuntun ń hù bí olú, ẹrẹ̀ àti sìmẹ́ńtì ni à ń tẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ dáadáa, mo sì ń jẹun.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní Bùọ̀dá sọ fún yín pé mo fi àríwísí ba iṣẹ́ òun jẹ́ lójú àlejò. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ èsì mi sínú ìwé ìròyìn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àríwísí jẹ́. Kí ènìyàn fara balẹ̀ wo iṣẹ́ kan ni, kí ó sọ ibi tó dùn àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹni tó ṣe é lè tún un ṣe. Iṣẹ́ là ń wí, a kì í wí ènìyàn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Bùọ̀dá gbé fíìmù tí òun àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ṣe wá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àwòrán rẹ̀ dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ mọ̀ ọ́n, ti ọdẹ tó padà sílé lẹ́yìn ọdún púpọ̀. A gba gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́sàn-án Sátidé, a fi ẹní dí fèrèsé kí ó lè ṣókùnkùn. Nígbà tó parí, gbogbo wọn ń pariwo pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá onílé mi tiẹ̀ ní fíìmù òyìnbó ò tó o rárá. Bùọ̀dá wá yíjú sí mi, ó ní àbúrò òun tó kọ́ iṣẹ́ gígé fíìmù dé ìlú òyìnbó ńkọ́, àbí ẹnu ti wúwo ni? Mo ní fíìmù náà dára, ṣùgbọ́n ó gùn jù láàárín. Inú bí i. Ó ní gbogbo ayé yin òun, ọmọ ìyá òun nìkan ló rí àléébù. Ó palẹ̀ ẹrù mọ́, kò fọwọ́ kan iyán tí mo gún.

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ kì í ṣe àríwísí. A ń kí ẹni tó kọ́ ilé gúnrégé, a sì ń kí ẹni tí ògiri tirẹ̀ wọ́. Àwọn òyìnbó tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́ka síbi gan-an. Bí ìran kan bá pẹ́ jù, wọ́n á ní "it drags", bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ ìtì igi nílẹ̀. Bí àwàdà kò bá pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, "it falls flat", ó ṣubú gbalaja. Bí fíìmù bá gbóná, wọ́n á ní etí àga làwọn jókòó sí. Bí òṣèré kékeré bá sì gba ojú èèyàn mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n á ní ó jí eré gbé. Ìyìn nìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀sùn.

Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ nìkan ṣá. Ẹ̀pà ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ náà mo pín ẹ̀pà eléèpo fún gbogbo wọn, mo sì kẹ̀yìn sí fíìmù. Bí fíìmù bá mú èèyàn, ọwọ́ á dúró, gbọ̀ngàn á pa lọ́lọ́. Bí ó bá ń wọ́, èèpo ẹ̀pà lẹ ó máa gbọ́. Nígbà tí iná ń jó abà ọdẹ, ẹ̀pà kan ò dún. Nígbà tó kan ìyá àgbà tó ń fi oríkì kí ọmọ rẹ̀ káàbọ̀, wọ́n pa lọ́lọ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀, oríkì sì ń lọ, fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin ni ìyá àgbà náà. Ìṣẹ́jú méjì yẹn, ẹ jí eré gbé. Èmi tiẹ̀ yíjú padà, mo gbọ́ oríkì ilé wa, mo sunkún. Màdáámù Fíìmù ni wọ́n ń pè mí ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò sẹ́ni tó ń kì mí. Ó wù mí kí ẹ má dákẹ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan lẹ̀ ń kì nínú gbọ̀ngàn yẹn; àwọn yòókù ń jẹ ẹ̀pà.

Mo gbà pé Bùọ̀dá náà mọ̀ pé ibẹ̀ gùn jù. Ta ni yóò fi àlùmọ́gàjí gé oríkì mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu? Nílé wa, bí àgbà bá ń ki èèyàn, orí ìkúnlẹ̀ la ó wà títí yóò fi parí. Ṣùgbọ́n onísinimá tó fẹ́ gba fíìmù náà ń bọ̀ wá wò ó lópin oṣù yìí, kò sì ní kúnlẹ̀. Bí ó bá wọ́, yóò kọ̀ ọ́, iṣẹ́ ọdún méjì gbogbo ẹgbẹ́ á di ohun inú àpótí. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè tú ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ láti gé e. Èyí tí a bá gé kò ní sọnù. Èmi ni n ó tọ́jú rẹ̀ sínú agolo fíìmù, n ó sì máa gbọ́ ọ.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán, Ìyá mi. Ẹ̀rọ fíìmù ṣì wà lọ́wọ́ Bùọ̀dá. Ẹ pe ogún èèyàn, ẹ pín ẹ̀pà eléèpo fún wọn, kí Bùọ̀dá jókòó tì yín. Ẹ kẹ̀yìn sí àwòrán ara yín, kí ẹ máa gbọ́ ọwọ́ wọn. Níbi tí ẹ̀pà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹ fọwọ́ kan Bùọ̀dá léjìká. Ibẹ̀ ni kó gé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjọkẹ́