Ràámù Tí Wọ́n Fi Ayùn Ha

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Òkè-Àgbò.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ràámù ni ràámù ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ lọ póli náà lẹ ba kọ̀ǹpútà wa jẹ́."

Bí igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa ṣe sọ̀rọ̀ sí èmi olùkọ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn, lójú gbogbo olùkọ́.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún un kí ó tó lọ rajà ní Àgọ́-Ìwòyè: ràámù, ìyẹn pátákó ìrántí, tí wọ́n ń pè ní DDR3 ni bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà wa ń lò, kí ó ra méjì tó bá ara wọn mu. DDR4 kan ṣoṣo, irú tí kò bá bọ́ọ̀dù wa mu, ló rà. Nígbà tí kò wọlé, ó fi ayùn ha àlàfo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tì í wọlé tipátipá, ó sì tan kọ̀ǹpútà. Bọ́ọ̀dù jóná.

Mo bi í lójú wọn pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ló ha á?"

"Mo kàn bá a tún ẹnu rẹ̀ ṣe ni."

Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Igbákejì náà ní kí ọ̀gá ilé-ìwé gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi.

Ká ní mo ti bá a lọ fúnra mi ni...

Mo fi ràámù náà àti ẹ̀dà ìwé mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ojú ibi tí ayùn gbà ṣì ń dán. Mo béèrè pé kí igbákejì rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi níwájú àwọn olùkọ́ kan náà.

Mo fún àwọn méjèèjì di agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ajé láti fèsì.