Pákó Ẹkù Bàbá Wa Tó Di Gìtá

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yàrá tó tutù yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ ti gbàgbé ilé. Ìdówú, àbúrò mi, mo kí ọ. Ẹ̀yin àǹtí mi tó wà ní Àjàgbà, ẹ kú ọjà. Wòólì wa, ẹ kú àdúrà, agogo yín ṣì ń dún létí mi.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí mo bá fi í sínú àpò ìwé, Ìdówú ni yóò kà á fún yín, mo sì mọ Ìdówú dáadáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, á fò ó, á ní mo kàn ní kí n kí yín ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí, ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé ní Ìkọ̀yà lè kà á fún yín láti òkè dé ilẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ara mi le. Òtútù ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí ń bá mi ṣe eré tí mi ò bẹ̀ ẹ́. Bí òòrùn bá tilẹ̀ yọ, ó kàn ń wò wá lásán ni, kò ràn wá lọ́wọ́. Aago mẹ́rin ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi láti ọjọ́ tí mo ti dé, mo mọ bó ṣe ń húkọ́, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà míì, mo máa ń kí ìkòkò mi lórí iná pé ẹ kú iṣẹ́, kí ẹnu mi má baà gbàgbé bí a ṣe ń kí ènìyàn.

Iṣẹ́ ń lọ. Owó tí mo fi rán Ìdówú ti dé ọwọ́ yín, mo gbọ́. Ilé iṣẹ́ kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ni a ń fi ọwọ́ ṣe níbẹ̀, èyí tí àwọn olórin ń pè ní béèsì. Bí oníbàárà bá ṣe fẹ́ ẹ la ó ṣe é. A tún ń ṣe ańpílífáyà, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá náà jáde. Èmi àti ọ̀gá mi nìkan la wà níbẹ̀. Òyìnbó àgbàlagbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ igi.

Ẹ ó rántí bí ìfẹ́ béèsì ṣe wọ̀ mí lára. Ẹgbẹ́ olórin hailáìfù kan wá ṣeré ní Okitipupa, mo lọ dúró síwájú sípíkà wọn, ohùn náà sì wọ àyà mi kí ó tó dé etí mi. Mo sáré wálé wá sọ fún Bàbá. Bàbá ní kí ni ọ̀tun níbẹ̀, pé òun ń fi gìgísẹ̀ òun ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín wa lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, nítorí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún níbí tí kò ní bá mi jiyàn. Béèsì tó dáa, ẹyọ igi kan ṣoṣo ni kí ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan ń lẹ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pọ̀, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà tó ń dán bíi mọ́tò tuntun, wọ́n á ní kí n wá wo ẹwà. Ẹwà kì í dún. Gìtá tó bá fúyẹ́, ohùn rẹ̀ á fúyẹ́. Èyí ọlọ́rùn gígùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe, tí gbogbo ayé ń wò ṣe tiwọn, mo gbà fún un. Ti Jámánì tó rí bíi fáólìn dùn létí, àmọ́ ohùn rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ní ti ańpílífáyà, ẹ má bá mi sọ ti tànsísítọ̀ tí wọ́n ń polówó rẹ̀ kiri. Òótọ́ ni pé kì í gbóná, kì í sì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo ló ń ṣe. Fáàfù ni tèmi, àwọn gílóòbù gbọọrọ tó ń pọ́n bí èyí tó wà nínú rédíò àtijọ́, tí ènìyàn á dúró dè kí ó gbóná kí ó tó sọ̀rọ̀. Ooru rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Ooru náà ló sì fa ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ó wù mí kí n fi igi ilé ṣe béèsì tèmi. Mo ní kí Ìdówú bá mi wá pákó tó ti gbó, tí kòkòrò ò lè jẹ, tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọyì rẹ̀. Ìdówú rò ó títí, ó gbà pé kò sí igi tó tún bá ọ̀rọ̀ mi mu ju ọpọ́n ẹkù Bàbá wa lọ. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń bá yín ka ìwé yìí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ọkọ̀ ojú omi ni tẹ́lẹ̀, Bàbá rà á lọ́wọ́ àwọn ará etídò nígbà tí kò lè lọ lójú omi mọ́, wọ́n sì gbé e sí ẹkù níbi tí a ti ń fọ epo. Inú rẹ̀ la máa ń da ẹyìn sísè sí, Bàbá á wọ inú rẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á wúwo, ti òsì á fúyẹ́, nítorí igi tó wó lù wọ́n nígbà èwe. Ibi tí gìgísẹ̀ wọn ti ń bà gan-an ni Ìdówú ti fi ayùn gé pákó náà, ọdún ò tíì yípo lórí sàréè wọn.

Bàbá kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni láti ẹkù. Bí ẹyìn bá ti kúnná tó ku omi, wọ́n á fi gìgísẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè, ẹ̀yin náà lẹ máa ń dáhùn láti ilé pé, "Mò ń ghá o," pé ẹ̀ ń bọ̀, ẹ ó sì gbé omi lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ń gbé omi lọ. Bí èmi tàbí Ìdówú bá ṣèèṣì yára jù yín lọ, ẹ ó padà jókòó, ẹ ó máa fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sì ti dáhùn kò gbọdọ̀ má lọ, Bàbá ò fẹ́ kí wọ́n jẹ́ ìpè òun lásán.

Bọ̀dá Táyọ̀, ọmọ Ìjù-Odò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ló bá mi gbé pákó náà dé. Ọ̀gá mi fi ìka kàn án, ó gbóòórùn ìka náà, ó béèrè ẹni tó ń fi igi tó ti mu epo yó ṣe gìtá. Òótọ́ ló sọ. Àtè ò lẹ̀ mọ́ ọn, fáníìṣì ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìdówú ti rò pé epo yóò jẹ́ kí ó tọ́jọ́ ni, àṣìṣe tó jẹ́ pé ọmọ elépo nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Mo fi irin de ọrùn mọ́ ọn, mo fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìkùn. Nígbà tí mo so okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, tí mo ta èyí tó nípọn jù, ohùn náà jáde, kò sì lọ. Ọ̀gá mi dúró títí ó fi tán. Ó ní òun ò tíì gbọ́ èyí tó ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó dákẹ́ rí. Inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, mo gbé e ti ańpílífáyà tó ti gbóná, mo lọ bu tíì. Nígbà tí mo padà dé, gìtá ń làágùn. Epo pupa ń kán láti ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á: òtútù ló ti mú kí epo dì nínú igi, ooru fáàfù sì yọ́ ọ. Mo mú àkísà, mo nù ún. Ṣùgbọ́n òórùn ẹkù wa ti gba gbogbo ilé iṣẹ́, ti èéfín, ti ihá àti ti òógùn Bàbá. Ìgbà yẹn ni ìró ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn. Láti inú sípíkà ló ti ń jáde, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tó jẹ́ pé àyà ló ń gbọ́ ọ ju etí lọ. Ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. Ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́.

Ọ̀gá mi ní rélùwéè tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá ló ń mi okùn. A dúró de ọjọ́ tí rélùwéè ò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Ó ní fáàfù ló bàjẹ́, a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. A gbé ańpílífáyà mìíràn wá, ẹsẹ̀ bá wa débẹ̀. A fi gìtá mìíràn sí i, kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tó yá, bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá mi á ní òun ń lọ mu sìgá níta, bẹ́ẹ̀ kì í mu sìgá. Ẹ̀rù bà mí, Ìyá mi. Ṣùgbọ́n mi ò pa ańpílífáyà. Àárò Bàbá ti sọ mí, mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Bí mo ṣe wà nìyẹn títí Bọ̀dá Táyọ̀ fi tún gúnlẹ̀ síbí, tó sọ bí ẹ ṣe wà fún mi. Wọ́n ní ẹ kì í lọ sóko mọ́, ẹ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ẹkù lẹ̀ ń jókòó sí láti ọ̀sán, pé ẹ̀ ń gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá nínú ọpọ́n tó ti ní ihò, tí Ìdówú náà sì ti gbọ́ ọ, tó sá. Wòólì ti kìlọ̀ fún yín pé a kì í jẹ́ ìpè tí a kò rí ẹni tó pè é, nítorí ẹni tó bá jẹ́ ẹ kì í pẹ́ tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n ní ẹ dá a lóhùn pé Bàbá ò tíì pè yín, àmọ́ bí wọ́n bá gbá ọpọ́n, ẹ ó dáhùn. Wọ́n ní ẹ ti pọn omi sínú kòròbá, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ kòròbá yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo mú Bọ̀dá Táyọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ láti fi ohun tí pákó náà dà hàn wọ́n. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ọpọ́n ẹkù ti di Òyìnbó. Mo tan ańpílífáyà, ó gbóná, epo yọ, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ wa kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Bọ̀dá Táyọ̀ gbọ́ ẹsẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹyìn, ẹnu wọn kò sì dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọgbọ́n orí. Wọ́n tẹríba, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o." Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹsẹ̀ dúró. Kò tíì dúró bẹ́ẹ̀ rí. Bọ̀dá Táyọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, fìlà wọn wà nílẹ̀. Mo ń gbọ́ bí epo ṣe ń kán. Lẹ́yìn náà ni ó dún láti inú sípíkà, lẹ́ẹ̀mẹta, gìgísẹ̀ lára igi.

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Mo rí yín lójú inú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹkù, mo rí ọwọ́ yín lórí kòròbá. Mo fẹ́ràn Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ tọ̀ wọ́n lọ. Mi ò dúró rò ó. Mo fi ẹnu sún mọ́ sípíkà, mo ní, "Mò ń ghá o."

Láti ọjọ́ náà, gìtá ò tún fọhùn àfi bí mo bá fọwọ́ kan okùn. Olórin ńlá kan níbí ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó fẹ́ rà á, ọ̀gá mi sì ń bẹ̀ mí nítorí òkìkí rẹ̀ yóò kàn dé ilé iṣẹ́ wa. Mi ò lè tà á. Mo ti tú okùn rẹ̀, mo ti yọ ọrùn rẹ̀, mo ti fi aṣọ tí ẹ rán fún mi wé e. Ọkọ̀ òkun tí Bọ̀dá Táyọ̀ ń bá padà ni mo ń bá wálé, kí n lè fi pákó náà dí ihò tí Ìdówú gé. Ìdówú, má fọwọ́ kan ọpọ́n náà títí n ó fi dé, má sì jẹ́ kí wọ́n fi dáná. Mi ò bínú sí ọ.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, Ìyá mi. Kí ó má jẹ́ kí ilé wa tún ṣófo. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ìkọ̀yà, ẹ kí àwọn àǹtí mi, ẹ sọ fún Wòólì pé kí wọ́n fi orúkọ mi sínú àdúrà ọjọ́ Wẹ́sìdé, kí wọ́n pè é dáadáa.

Bí ẹ bá sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta lára ọpọ́n kí n tó dé, ẹ jókòó. Ẹ má la ẹnu yín. Ẹ mọ òfin ilé wa, èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Omi inú kòròbá yẹn, ẹ fi se ọbẹ̀, kí ẹ̀yin àti Ìdówú jẹ ẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ń gbé omi bọ̀,
Akínṣúyì.